Kí Ètò Ìlera Kọ́kọ́ Kàgò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń pa ọmọdé ni, a kò sì lè tìtorí ìtìjú dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí ṣáláńgá.

Nínú àṣà wa, àlejò kì í já wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Àgò o!" Bí onílé bá dáhùn pé "Àgò yà", ìgbà náà ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Àlejò lè gbé ẹ̀bùn ńlá lọ́wọ́. Bí kò bá kàgò, onílé lè má fi ojú rere wo ẹ̀bùn náà. Èrò tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlera rí. Ètò tí ìjọba tàbí àjọ kan bá gbé wọ ìlú láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ará ìlú kà sí iyì, ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀gbin àti ohun tó ń tì wọ́n lójú, kì í pẹ́ kí ó tó di àpatì.

Títí di ìsinsìnyí, nǹkan bí ìdajì àwọn ará Benin ni ó ṣì ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìta, nínú igbó, ní ẹ̀yìnkùlé tàbí lórí ààtàn, ó sì wọ́pọ̀ ní ìgbèríko ju ìlú ńlá lọ. Nígbà tí òjò bá rọ̀, àgbàrá a gbá ẹ̀gbin náà lọ sínú odò àti kànga. Eṣinṣin a bà lé e, a sì tún bà lé ọbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru, àrùn onígbáméjì, aràn inú àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń wá, àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì ń ṣe ní jàǹbá jù. Gbogbo èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé àwòrán kòkòrò àrùn wá, wọ́n ṣàlàyé. Àwọn ènìyàn mi orí, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kálukú gba ọ̀nà igbó rẹ̀ lọ. Àwọn kan wá parí ọ̀rọ̀ sí i pé àìmọ̀kan ló ń da ará abúlé láàmú.

Obìnrin onímọ̀ kan tó wá láti Amẹ́ríkà, Marion Jenkins, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ó ṣe ìwádìí ní ìgbèríko ẹkùn Zou. Nígbà náà, Savalou àti Bantè ṣì wà lára Zou. Ọdún 1999 ni a yọ ẹkùn Collines kúrò nínú rẹ̀. Ó yí ìbéèrè náà padà. Kàkà kí ó máa béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi ní ṣáláńgá, ó fẹ́ mọ ohun tó mú ẹni tó ti gbẹ́ tirẹ̀ gbẹ́ ẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ó jókòó ti àwọn olórí ilé 40, ó sì tẹ́tí sí wọn. Ní ọdún 2005, òun àti Val Curtis, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú London, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde.

Ìdí 11 ni wọ́n rí, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni iyì. Ẹni tó ti rin ìrìn-àjò, tó ti rí bí àwọn ará ìlú ńlá ṣe ń gbé, fẹ́ kí ilé rẹ̀ jọ tiwọn. Àwọn mìíràn ń wo àpẹẹrẹ ìdílé ọba Abomey, wọ́n fẹ́ gbé ìgbé ayé ọmọ ọba. Àwọn mìíràn sì fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò fi máa rántí wọn. Ọ̀nà kejì ni àlàáfíà ara àti ti ọkàn: ìbẹ̀rù ejò lóru, ìbẹ̀rù àwọn ohun tí ojú lásán kò rí, òórùn, ìmọ́tótó àgbàlá, ìrọ̀rùn, àti kí ojú gbogbo ayé má baà máa tọ ènìyàn lẹ́yìn. Ọ̀nà kẹta ni ipò tí ènìyàn bá ara rẹ̀: arúgbó tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé igbó mọ́, aláìsàn, tàbí onílé tó fẹ́ kí ayálégbé san owó tó pọ̀ sí i.

Ẹ kíyè sí i pé àrùn wà nínú ìdí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó jókòó sórí àga. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìdí ọkùnrin kì í sábà jẹ́ ti obìnrin, ti ọ̀dọ́ kì í jẹ́ ti àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ti abúlé tó wà lẹ́bàá títì kì í jẹ́ ti èyí tí igbó ṣì yí ká. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa ló fẹ́ pàdé àna rẹ̀ lójú ọ̀nà ààtàn ní kùtùkùtù? Ìyá wo ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá jáde lọ sínú òkùnkùn ní aago méjì òru? Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ìlera ti kàgò, a ó sì dá a lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Nígbà tí baálé bá gbẹ́ ṣáláńgá nítorí iyì, tí gbogbo ilé sì ń lò ó, ìlera ọmọ a bá iyì náà wọlé.

Irú ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ghana ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Val Curtis àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé ọṣẹ kò wọ́n nínú ilé. Àwọn ìyá ń fi í fọ aṣọ, wọ́n ń fi í fọ abọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fi í fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ìpolówó tí wọ́n wá ṣe kò gbé ọ̀rọ̀ àrùn síwájú. Ó kàn jẹ́ kí ojú rí bí ẹ̀gbin ṣe ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sínú oúnjẹ ọmọ. Ohun tí ẹ̀kọ́ kò lè ṣe, ìríra ṣe é.

Ìtìjú pẹ̀lú ní agbára tirẹ̀. Nǹkan bí ọdún 2000, ní Bangladesh, ọ̀gbẹ́ni Kamal Kar bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí a ti ń lò ní Benin náà: àwọn ará abúlé fúnra wọn ni yóò rìn yí abúlé ká, tí wọn yóò fi ojú ara wọn rí ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ wà, tí wọn yóò sì fi ẹnu ara wọn pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni ìtìjú. Bí ọmọ ilé bá sọ fún baba rẹ̀ pé àgbàlá kò mọ́, ìmọ̀ràn ni. Bí àlejò bá sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú, èébú ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi tirẹ̀ júwe é fún wa.

Ẹ̀kọ́ tó le jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ibi òkú. Nígbà tí àrùn Ebola jà ní Guinée, Sierra Leone àti Liberia, tí ó sì pa ènìyàn tó ju 11,000 lọ, ìwẹ̀kú àti ìsìnkú wà lára ohun tó ń tan àrùn náà kálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó bo ojú mọ́lẹ̀, wọ́n di òkú sínú àpò, wọ́n gbé e lọ. Àwọn ẹbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkú wọn pamọ́. Ta ni yóò jẹ́ kí a sin ìyá rẹ̀ bí ẹni ń da ilẹ̀ nù? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà mìíràn jáde, èyí tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì bá wọn ṣe. Ẹbí yóò wà níbẹ̀, àdúrà yóò wáyé, a ó bu ọlá fún òkú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní kan ara rẹ̀. Àṣà tí wọ́n ti kà sí ọ̀tá tẹ́lẹ̀ wá di alábàárìn.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ya ẹnu sí èyí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti ilẹ̀ Ìdàáṣà àti ti Màhí ni Sakpata ti dé Abomey. Òun náà ni àwọn Yorùbá ń pè ní Sànpọ̀nná, Olóde, Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ẹni tí àrùn náà bá pa, ẹbí kì í sin ín bí wọ́n ti ń sin òkú yòókù; àwọn àwòrò ni yóò gbé e. Ọgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ wà nínú èèwọ̀ náà. Ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ní Èkó, dókítà Oguntola Sapara wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì tú àṣírí àwọn kan níbẹ̀ tó ń tan àrùn náà kálẹ̀. Òfin dé, ṣùgbọ́n òfin kò pa ìsìn náà run, kò sì pa àrùn náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó parí rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, ní gbogbo ayé sì rèé, wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 1980. Nítorí náà, a kò sọ pé gbogbo àṣà ló dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ àṣà kò lè mọ èyí tó yẹ kí ó dì mú àti èyí tó yẹ kí ó tú sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àpérò àwọn orílẹ̀-èdè ní Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu kan pé kí ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá wọ inú ètò ìlera. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí a ṣe ní Geneva kò ní gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo ní Bantè. A mọ̀ pẹ̀lú pé ìfẹ́ nìkan kò tó: ilẹ̀ òkúta ni ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe lásán ni a ń pe ẹkùn wa ní Collines. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, tí dígí rẹ̀ sì ń ta lórí àpáta, nílò ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe ìwàásù.

Ohun tí a ń dá lábàá rèé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Savalou ń ṣe ọdún iṣu. Àwọn ọmọ ìlú a ti ọ̀nà jíjìn wálé, wọ́n a sì mú àlejò lẹ́yìn. Ilé a mọ́, ògiri a gba ọ̀dà tuntun, iyán a pọ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹkùn ìlera Savalou-Bantè, àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin jọ jókòó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, kí akéde àti rédíò sì máa bi ìlú ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àlejò tí ẹ ó fún ní iyán, níbo ni yóò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?" Kí àwọn ọmọ tó wà ní Cotonou, Parakou àti Nàìjíríà mọ̀ pé ṣáláńgá tí wọ́n bá kọ́ fún ìyá wọn jẹ́ ẹ̀bùn ọdún tí kò ní gbó bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan wà fún yín kí a tó tún pàdé. Ẹ mú ìwé àti gègé, ẹ lọ bá ilé mẹ́ta tó ní ṣáláńgá ní àdúgbò yín. Ẹ má ṣe kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ẹ kan béèrè ohun tó mú wọn gbẹ́ ẹ, kí ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ sì mú un lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí yín. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ.