Ẹ má jẹ́ kí fóònù máa yan ìròyìn ìlú fún yín

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ Apostolic Faith tó wà ní Èmùré-Èkìtì lọ́nà, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn wọ inú igbó lọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa ọba méjì, Onímòjò àti Elésun, lápá Ìkọ̀lé. Ó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù Kejì, kí àwọn ọmọ náà àti olùkọ́ wọn tó gba ìtúsílẹ̀. Awakọ̀ wọn ò padà wá láàyè.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, nǹkan méjì péré ni ẹni tó ní ẹbí ní Èmùré, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ mọ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, ta ló sì sọ ọ́? Mo fẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí fóònù ṣe wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa yìí, kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹn bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé kò sí ìròyìn. Ìròyìn pọ̀ débi pé a ò mọ èyí tí à bá dì mú.

Ẹ wo bó ṣe ń dé ọwọ́ wa. WhatsApp ni àkọ́kọ́. Ẹnìkan á sọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ jáde iléèwé, ẹlòmíì á gbé e lọ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíì á jù ú sí ti ẹbí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti já bọ́ lọ́nà, déètì náà ti já bọ́. "Ẹ má gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ o, wọ́n wà níbẹ̀ báyìí!" Báyìí ti ìgbà wo? Ta ló rí wọn? Ó lè jẹ́ òótọ́ àná, ó lè jẹ́ òótọ́ ọdún tó kọjá, ó sì lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹni tó gbà á gbọ́ á pa ọjà rẹ̀ tì. Ẹni tí irú rẹ̀ ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀mẹta ò ní gbọ́ mọ́, títí dọjọ́ tí ti òótọ́ máa dé.

Èkejì ni Facebook, Instagram, TikTok àti X. Ọdún 2006 ni Facebook gbé News Feed rẹ̀ jáde. Ní 2016, Instagram náà kúrò lórí kó máa to àwòrán bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀lé ara wọn. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ wọn ló ń ṣa ohun tí a máa rí. Ẹ̀rọ yẹn kì í bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló ṣe pàtàkì fún ọmọ Ìsẹ̀ lónìí?" Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Kí ló máa dá ọmọ yìí dúró pẹ́ kó lè rí ìpolówó sí i?" Ìdí nìyẹn tí ìkéde ìdánwò fi máa ń hàn sí yín lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá, ṣùgbọ́n tí ìjà tọkọtaya kan tí ẹ ò mọ̀ rí á kọ́kọ́ bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbà padà kì í ṣe nǹkan tuntun. Fíìdì ni mò ń pè é, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é ní RSS. Ẹ rántí akéde ìlú. Akéde á lu agogo, á sọ ẹni tó rán an, á sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, á sì kọjá sí àdúgbò kejì. Ohun tó sọ níwájú ilé ọlọ́rọ̀ náà ló máa sọ níwájú ilé tálákà. Kì í wo ojú yín kó tó pinnu èyí tó máa jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Bí fíìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìkànnì tó bá ní in ní ojú ewé kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ láti kà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé nǹkan tuntun jáde, àkọlé rẹ̀, déètì rẹ̀, àkótán rẹ̀ àti líǹkì rẹ̀ á wọ ojú ewé yẹn fúnra wọn. Áàpù tí ẹ fi ń kà á ló máa ń lọ wò ó lóòrèkóòrè. Ó lè lọ sí ìkànnì 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, á kó ohun tuntun wá láti gbogbo wọn, á tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde, ti ìsinsìnyí lókè, ti àárọ̀ nísàlẹ̀. Kò sí pé ẹ ń fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún ìkànnì kankan. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá sú yín, ẹ yọ wọ́n kúrò, ó parí.

Iléeṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1999. Nígbà tí ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní RSS 1.0 máa jáde ní ìparí ọdún 2000, ọ̀kan lára àwọn tó jókòó kọ ọ́ ni Aaron Swartz. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń rò pé nǹkan àwọn bàbá arúgbó ni, kó tún inú rò.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ yín ò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Google ní áàpù kan fún un, Google Reader, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Wọ́n tì í pa lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n ní àwọn tó ń lò ó ti ń dín kù. Ọdún yẹn náà ni Twitter gé fíìdì tirẹ̀. Ẹ ò lè dá àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ, ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹni tó ń ka ìròyìn rẹ̀ níbòmíì ò sí lábẹ́ àtíbàbà wọn láti rí ìpolówó. Àmọ́ fíìdì ò kú. Òun ló ń gbé pọ́díkáàsì tí ẹ ń gbọ́ nínú ọkọ̀ kiri títí dòní, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀.

Ó tún ní èrè owó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kó má ṣáà ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Kò sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lára. Fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fi ìka wọ́ Facebook lọ sókè ló ń jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló pọ̀ jù nínú fíìdì, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan. Ohun tó bá sì ti wọlé tán, ẹ lè ka àkọlé àti àkótán rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́kì ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ó yá, báwo la ṣe ń ṣe é? Feeder wà fún Android, NetNewsWire wà fún iPhone, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Feedly àti Inoreader ṣeé lò lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdírẹ́sì BBC Yorùbá sí i: feeds.bbci.co.uk/yoruba/rss.xml. Fún ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn wa, bíi Vanguard àti Premium Times, ẹ kàn kọ /feed sẹ́yìn àdírẹ́sì wọn, ó ti dé nìyẹn.

Ti ìlú wa gan-an ńkọ́, tí àwọn oníròyìn ńlá ò kì í dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ lọ sí Google Alerts, ẹ kọ "Emure-Ekiti" síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti máa béèrè ibi tí kí wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sí, ẹ yan RSS feed, kì í ṣe ímeèlì. Ẹ gbé líǹkì tí wọ́n fún yín sínú áàpù yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún "Ikere-Ekiti" àti "Ise-Ekiti", kí ẹ sì fi àmì àyọlò yí orúkọ náà ká, pàápàá jù lọ Ìsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo "ise" tó wà láyé ni Google máa kó bá yín. Láti ọjọ́ náà, bí Google bá ti rí orúkọ ìlú yín nínú ìròyìn tuntun, ó máa bọ́ sílẹ̀ fún yín, bó jẹ́ Èkó lẹ ń gbé, bó jẹ́ Peckham.

Àríyànjiyàn náà ṣeé tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀. Lórí ìkànnì tó bá ń lo WordPress, tí ẹ bá fi /feed sẹ́yìn àdírẹ́sì ìròyìn kan ṣoṣo, èsì tí àwọn òǹkàwé ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wá. Lórí Reddit, .rss lẹ máa fi sẹ́yìn àdírẹ́sì. Lórí YouTube, ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì ẹni tí ẹ fẹ́ máa gbọ́ sínú Feedly tàbí Inoreader, áàpù á wá fíìdì rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ìkẹ́rẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ìdí tí èyí fi ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín Ògògà àti Olúkẹ́rẹ́ ti pẹ́ nílùú náà, ó sì ti wọ orí ayélujára. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fídíò kan tó gbè sẹ́yìn apá kan, ẹ̀rọ á kó mẹ́wàá irú rẹ̀ wá bá a. Kó tó mọ̀, ó ti dá a lójú pé gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn apá yẹn, àti pé ọ̀tá ìlú ni ẹni tó bá ń sọ nǹkan míì. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di àgbà òṣìkà láìdàgbà. Ẹ fi ibi tí apá méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ sínú áàpù yín, kí ẹ ka tọ̀tún ka tòsì. Ẹ lè má yí ọkàn yín padà, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ ohun tí ẹnì kejì ń sọ ní ti gidi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, inú WhatsApp ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú wa wà." Òótọ́ ni. Fíìdì ò lè wọ inú gúrúùpù WhatsApp, kò sì yẹ kó wọ̀ ọ́, ìta gbangba kọ́ nìyẹn. Ẹ má kúrò nínú gúrúùpù ẹbí yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju ìròyìn síbẹ̀, ẹ ní ibòmíì tí ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e kiri.

Fíìdì ò sì lè sọ irọ́ di òótọ́. Bí ìkànnì kan bá ń parọ́, irọ́ náà ló máa gbé wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ mọ ẹni tó pa á, ẹ mọ ọjọ́ tó pa á, ẹ sì lè lé e dànù.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ ìròyìn wá ọ̀nà míì ní tipátipá. Ẹni tí orísun ìròyìn rẹ̀ wà ní ibi 20 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò ní láti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán sí ọwọ́ ọ̀dọ́ nìkan. Akéde ò lè kéde ohun tí wọn ò rán an. Mo ń bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, mo ń bẹ yunifásítì BOUESTI tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, mo ń bẹ ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn: kí ìkéde tó bá kan ẹ̀mí, ọ̀nà, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti gbèdéke máa kọ́kọ́ jáde lórí ìkànnì tí gbogbo ayé lè ṣí, ní ọ̀rọ̀ kíkọ, pẹ̀lú déètì. Àwòrán tí wọ́n ya ìkéde sí, tí wọ́n wá jù sí gúrúùpù, ìlàjì ìkéde ni. Ẹni tí kò sí nínú gúrúùpù ò ní rí i, lọ́la ẹni tó wà níbẹ̀ pàápàá ò ní rí i mọ́. Kí àwa oníròyìn náà má sì ti fíìdì wa pa torí pé ìpolówó ò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì mẹ́wàá. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojijì bá tún ṣẹlẹ̀ nílé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì yẹn: kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, ta ló sì sọ ọ́? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹnikẹ́ni.