Èrè Orí Gbèsè: Ṣé Kí A Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Ìpín Ayánilówó?



Àbá kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù: pé kí a mú lára owó tí ẹgbẹ́ ń kó jọ fún ìtọ́jú àwọn àgbà wa, kí a fi ra ìpín ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn tí báńkì kọ̀ lówó. Ìdí àbá náà kò ṣòro láti lóye. Èlé tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ga púpọ̀, èrè tí wọ́n ń pín fún onípìn-ín sì lè ju ti báńkì lọ. N kò bá àwọn tó dá àbá náà jà. Mo kàn fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí a tó tọwọ́ bọ àpò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Bradford. Níbẹ̀ ni Joshua Waddilove ti dá Provident sílẹ̀ ní 1880, kí àwọn ìdílé tí kò rí já jẹ lè ra aṣọ àti oúnjẹ, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣojú ilé iṣẹ́ náà a máa kan ilẹ̀kùn oníbàárà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti mọ iṣẹ́ yìí: aláṣọ tó ń tajà láwìn, tó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. (Àwọn kan a máa fi orúkọ náà ṣẹ̀sín. Lójú tèmi, ọ̀jáfáfá oníṣòwò ni wọ́n.) Agbára òṣómàáló ju òṣòó lọ. Ó mọ oníbàárà rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ìkórè rẹ̀ dára, ó mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun ní sùúrù.

Ní 2017, Provident mú iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣojú wọ̀nyí, ó fi òṣìṣẹ́ olówó-oṣù tí kò pọ̀ tó wọn àti ètò kọ̀ǹpútà rọ́pò wọn. Owó tó ń gbà padà lọ́wọ́ onígbèsè, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, wálẹ̀ sí 57. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìpín rẹ̀ pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fagi lé èrè tí wọ́n fẹ́ pín, ọ̀gá àgbà sì fi ipò sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti lé ní ọdún 130! Àwọn tálákà kò yí padà; ilé iṣẹ́ ló gbàgbé ohun tó ń mú wọn san owó. Ìwé ìṣirò ọdún kò sì ní ojú ìwé tí wọ́n ń kọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Ti Amigo tún sún mọ́ wa jù. Orí onígbọ̀wọ́ ni òwò rẹ̀ dúró lé: ẹni tí báńkì kọ̀ yóò mú ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan wá, èlé sì jẹ́ ìdá 49.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹni tó bá yá 5,000 pọ́n-ùn bẹ́ẹ̀, tó ń san án lóṣooṣù fún ọdún 5, yóò san ju 11,000 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni èrè tí a ń retí. Ní oṣù Keje 2018, ìpín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pẹ́nsì 275 lórí ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí 2020 fi máa parí, kò tó pẹ́nsì 20. Àwọn oníbàárà ti ń fẹjọ́ sùn lọ́tùn-ún lósì pé ilé iṣẹ́ náà kò wádìí bóyá apá wọn ká gbèsè kí ó tó yá wọn, owó gbà-má-bínú sì ń gorí ara wọn. Ní oṣù Kẹta 2023, ó ṣíwọ́ owó yíyá pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojú kan ni mo fi wò ó. Ní Amẹ́ríkà, Credit Acceptance ti ìpínlẹ̀ Michigan ń ṣètò owó ọkọ̀ fún irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ìpín rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, tó sì dì í mú títí di 2021, rí owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021 kan náà ló gbà láti san 27.2 mílíọ̀nù dọ́là kí ó lè parí ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Massachusetts pè é.

Ẹni tó bá ní owó tí òfò rẹ̀ kò ní pa á lára lè dán an wò. Àpò rẹ̀ ni. Kí ó bèèrè bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń gba owó padà. Kí ó tún bèèrè ẹni tó ń yá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lówó, nítorí New Century ti California wọ gbèsè ní oṣù Kẹrin 2007 nígbà tí àwọn ayánilówó tirẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé.

Owó àwọn àgbà yàtọ̀. A sì mọ̀ pé nínú wa ni àwọn kan ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìbátan, tí wọ́n ń san gbèsè tí wọn kò jẹ. Bí a bá ra irú ìpín yìí, a lè máa fi owó tó jáde lápò Ìyá kan ní Peckham tọ́jú Bàbá tó ń jókòó tì í nípàdé. Mo ti sọ èyí fún akápò wa. Ní ọjọ́ ìpinnu, ìbò mi yóò lòdì sí àbá náà.