Ta ló ṣọ́ Hakeem Olajuwon dáadáa jù? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan

Tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ bá délẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ní Treichville, nílùú Abidjan, kì í pẹ́ kó tó dé orí Hakeem Olajuwon. Ọmọ Èjìgbò àti ọmọ àwọn ìlú míì ní Ọ̀ṣun pọ̀ ní àdúgbò náà, àwọn tí bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn ti wá ṣòwò síbẹ̀ tipẹ́. Àdúgbò yìí kan náà ni Palais des Sports wà, níbi tí wọ́n ti gba ìdíje AfroBasket ọdún 2013, tí Senegal ti fi àmì ẹyọ kan péré lé Nàìjíríà sílé, 64 sí 63. Pé Hakeem mọ bọ́ọ̀lù jù sínú apẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn. Ohun tó ń fa ariwo ni pé nínú gbogbo àwọn tó ṣọ́ ọ, ta ló ṣe é dáadáa jù?

Orúkọ mẹ́ta ló sábà máa ń jáde: David Robinson, Patrick Ewing àti Shaquille O'Neal. Ẹlòmíì á fi Dikembe Mutombo kún un, torí pé ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni. Àwọn tó ń dárúkọ wọ̀nyí ò purọ́. Ibi tí wọ́n ń wò ni kò tọ́.

Ẹ rántí irú ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣọ́. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i lọ́dún 1963 fún àwọn òbí tó ń ta sìmẹ́ǹtì, kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ títí ó fi di ọ̀dọ́langba. Góòlì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ibẹ̀ ló ti kó ẹsẹ̀ tó yá nílẹ̀ yẹn. Á ju èjìká sí òsì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ti fò sókè, òun á sì ti yí sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á ti wọlé. "Dream Shake" ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2002, àmì 26,946 ló ti jẹ nínú líìgì NBA.

Robinson ni kí á kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Lọ́dún 1995, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú líìgì. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ náà fún un lójú àwọn èrò San Antonio, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì pẹ̀lú Houston tó bẹ̀rẹ̀. Hakeem dúró, ó ń wo ọ̀hún. Àmì 41 ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, Hakeem ti ń jẹ àmì 35.3 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí a bá pín in dọ́gba, Houston sì ti lọ sí àṣekágbá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé Robinson ò mọ èèyàn ṣọ́. Ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ adènà tó dára jù nínú NBA lọ́dún 1992! Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣáá, àwọn yòókù sì ń wòran.

Ti Ewing sàn díẹ̀. Nínú àṣekágbá ọdún 1994, New York àti Houston gbá a dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje, ikọ̀ kankan ò sì jẹ àmì ọgọ́rùn-ún nínú èyíkéyìí níbẹ̀. Ewing gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn ará Houston nígbà ọgbọ̀n. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèje, kò sí ọjọ́ kan tí Hakeem ò jẹ àmì jù ú lọ. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn New York lẹ́jọ́ rò, torí ikọ̀ náà le bí òkúta, ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ kọ́ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

O'Neal kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, 4 sí 0 sì ni Houston fi nà wọ́n lọ́dún 1995. Ó tán.

Ikọ̀ tó mú Hakeem ní ìmú ẹlẹ́wọ̀n ni Seattle SuperSonics. Ẹni tó bá sì sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Seattle ti mọ̀ ọ́n mú ń bu iyọ̀ sí i: lọ́dún 1987, àmì 49 ló jẹ lórí wọn, ó tún kó bọ́ọ̀lù 25 tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gba àfikún àkókò lẹ́ẹ̀mejì. Seattle ṣáà borí. Àwọn tí George Karl kó jọ nínú ọdún 1990 sí 1999 ni ọ̀rọ̀ kàn, pẹ̀lú ọgbọ́n tí Bob Kloppenburg, igbákejì rẹ̀, ń fi kọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn kì í dúró sẹ́yìn Hakeem bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Shawn Kemp tàbí Sam Perkins á bọ́ síwájú rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù má tiẹ̀ rí ọ̀nà dé ọwọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá jù ú gba orí kọjá, ẹnì kejì ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Gary Payton àti Nate McMillan ní tiwọn á ti gùn mọ́ ẹni tó fẹ́ fún un ní bọ́ọ̀lù, ojú onítọ̀hún á ṣú. Òfin NBA ìgbà náà sọ pé èèyàn ni kí a máa ṣọ́, kì í ṣe àyè. Etí òfin yìí gan-an ni Seattle ń rìn, àwọn alátakò ń pariwo sí rẹfirí, rẹfirí ń fọn fèrè nígbà míì, kì í fọn ọ́n nígbà míì. Sáà 2001 sí 2002 ni wọ́n tó yí òfin náà padà.

Lọ́dún 1993, Seattle lé Houston sílé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje, 103 sí 100, lẹ́yìn àfikún àkókò. Lọ́dún 1996, 4 sí 0 ni. Àárín ọdún méjèèjì yìí ni Houston gba ife ẹ̀yẹ méjèèjì tó ní lásìkò Hakeem, kò sì pàdé Seattle lójú ọ̀nà ní ọdún kankan nínú wọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Mutombo ti wọlé. Lọ́dún 1994, Denver tirẹ̀ ló yọ Seattle, ikọ̀ tó borí jù nínú líìgì lọ́dún náà, ní ìpele àkọ́kọ́. Mutombo ṣubú lulẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù lé orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọ Kóńgò ló ṣílẹ̀kùn fún ọmọ Èkó. Ẹni tí wọ́n ní ó ṣọ́ Hakeem jù ló ṣe é ní oore tó tóbi jù.

Kí ló kan Treichville nínú èyí? Òfin FIBA ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Palais des Sports, òfin yẹn ò sì lòdì sí kí a ṣọ́ àyè. Nínú àṣekágbá ọdún 2013 níbẹ̀, àmì 40 péré ni Angola jẹ́ kí Egypt jẹ, àwọn sì jẹ 57. Carlos Morais ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ta ló ń sáré láti igun kan dé ìkejì kí Egypt má baà ríbi jù ú. Wọn á họrí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù lónìí náà ti mọ ohun tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń jù ú. Hakeem fúnra rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ adènà tó dára jù lọ́dún 1993 àti 1994, ó gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn èèyàn nígbà 3,830, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn NBA. Èyí kì í sábà sí nínú àríyànjiyàn náà.

Tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yìí, tí wọ́n sì fi dandan lé e pé orúkọ ẹyọ kan ni àwọn fẹ́, kí wọ́n kọ McMillan sílẹ̀. Kò ga tó Hakeem, kì í ṣe òun ni wọ́n ní kó ṣọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí nítòsí rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ni kì í dé.