Bí Údójì Bá Tún Dé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà wa kò gbàgbé Údójì. Ní ìparí 1974 ni ìjọba gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji, wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n sì ka àfikún náà padà sẹ́yìn láti April. Ní 1975, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ kí tiwọn tó dé. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ra alùpùpù. Onílé ti gbọ́ Údójì ṣáájú ìyàwó ilé. Owó ilé gòkè, ọjà gbówó lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà ìsinmi ọ̀sán ní Aláúsá, mo bèèrè pé: bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá já lé wa lọ́wọ́, kí ni ẹ kò níí rà síbẹ̀? Dírẹ́bà kan ní mọ́tò ni, pé èyí tí òun ń wà fún ẹlòmíràn ti tó òun. Ìyá kan tó ń di ọjà ní léèsì ni: “Kí n tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti mú òmíràn dé.”

Tèmi ni àríyá olórin. Mo ṣe é rí nígbà tí àjọ kàn mí. Olórin kì mí dáadáa, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwa la ó sọ ohun tí a kò níí rà. Bí a bá jókòó sórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, tí ọ̀gá kan ní fàájì la ó fi í ṣe, ẹ bi í bóyá omi ẹ̀rọ nínú ilé náà jẹ́ fàájì.