Ìwé Tí Mo Bá Lọ́wọ́ Ọmọ-Ọmọ Mi

 

Ní sáà tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS1 ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo rí i pé ìdè Ifá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Inú àpò ìwé ló fi í sí. Ó ní tíṣà kan ló sọ níwájú kíláàsì pé ohun ẹbọ ni, làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà, bí ẹni pé èébú ni. Ká sòótọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan gúnmọ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ló wá fún un ní Children of Blood and Bone. Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 2018. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì nípọn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zélie. Ọba ìlú wọn ti pa àwọn tí òrìṣà fún lágbára, ìyá Zélie sì wà lára wọn. Irun funfun ni wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù mọ̀, "ìdin" ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Nígbà tí ọmọ mi ka ibẹ̀, ó ní, "Bàbá, èmi nìyí."

Lèmi náà bá gba ìwé, mo gbé dikiṣọ́nárì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọya ni òrìṣà ẹgbẹ́ tí Zélie wà, àwọn òkú ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ bi mí pé, "Ṣèbí ìjì ni Ọya?" Mo ní ìjì ni lóòótọ́, àmọ́ a kì í yọ ọwọ́ Ọya kúrò nínú ọ̀rọ̀ eégún. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, ó di agogo mọ́kànlá òru. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ọmọ yìí bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà kan láàárín wa ń sọ pé irọ́ ló wà nínú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àròsọ ni. Fágúnwà ńkọ́? Ta ló tíì dé igbó tí Àkàrà-oògùn wọ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ láti 1938? Onígbàgbọ́ sì ni bàbá náà o, tòun ti orúkọ Oròwọlé Fágúnwà tó ń jẹ́! A kà á, a gbádùn rẹ̀.

Ìkejì ni Skin of the Sea, tí Natasha Bowen kọ ní 2021. Yemọja ló sọ Simi di ọmọ omi, kó lè máa kó ẹ̀mí àwọn tó kú lójú òkun nígbà òwò ẹrú, kí wọ́n lè padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Ibi tó ti kan Èṣù ni mi ò fara mọ́, torí ó sọ ọ́ di alárékérekè tó ń dí wọn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì ni wọ́n ti ń fi orúkọ Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run tiwọn. Ẹ má torí ìyẹn gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ o. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ fún un ẹni tó ń gbé ẹbọ wa dé ọ̀run.

Ìjà àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ìwé méjèèjì, nítorí náà kí ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá ṣì ní sùúrù. Ẹ wá Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún ìyẹn. Kì í ṣe tuntun, àmọ́ Yorùbá ibẹ̀ dùn.

Ìdè ọmọ mi ṣì ń wà nínú àpò bó bá ń lọ ilé ẹ̀kọ́. Bó bá ti wọlé, á fi í sọ́wọ́. Ìwé kejì Adeyemi, èyí tó jáde ní 2019, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Alaalẹ́ ló ń kà á sí mi létí, torí awò ojú mi ti fọ́.