Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Pe Ọtí Líle Ní Omi Ìyè?



A ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wa, pé ohun Sátánì ni ọtí líle tí a ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa. Àwọn ọmọ ìjọ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìsàlẹ̀.

Ní ọdún 1494, a kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná ọba Scotland pé kí a fún Friar John Cor, ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kírísítì, ní ọkà báálì híhù, òṣùwọ̀n boll 8, kí ó fi ṣe aqua vitae. Ọba James Kẹrin ni ó pàṣẹ. Omi ìyè ni ìtumọ̀ aqua vitae ní èdè Látìnì. Uisge beatha ni àwọn Gael tú u sí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yá orúkọ náà, ó ju ìyè nù, ó mú omi nìkan: uisge di wisikí.

Ìwé àwọn Lárúbáwá ni Yúróòpù fi kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọtí, alcohol, láti inú al-kuḥl ni ó ti wá, èyíinì tìróò tí a ń lé sójú.

Oògùn ni wọ́n kà á sí. Ní Faransé, àwọn mọ́ńkì Chartreuse ṣì ń ṣe ọtí tí wọ́n ní irúgbìn 130 wà nínú rẹ̀. Bí mọ́ńkì bá rẹ ewé àti egbò sínú ọtí, ìmọ̀ ni. Bí babaláwo bá rẹ ẹ́, ìbọ̀rìṣà ni. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Ìdájọ́ yìí náà ni ìjọba amúnisìn lò: wọ́n ń mú ẹni tí ó sè ògógóró, wọ́n sì ń gba owó ibodè lórí jíìnì Yúróòpù.

Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa kò ní ta ògógóró sílẹ̀ níbi ètùtù, àfi ṣìnáàpù inú ìgò aláwọ̀ ewé. Ta ni ó sọ fún wọn pé èyí tí ó gba orí òkun wá ni ó mọ́ jù? Omi ìyè ni àwọn mọ́ńkì sọ tiwọn. Ẹ yé fi orúkọ ẹ̀gàn pe tiwa.

Àṣẹ.