O'Donnell Kì í Ṣe Alágbàṣe Ogun

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, wọ́n ní gbogbo ìjòyè Áyálándì tó lọ wọṣẹ́ ogun ọba Faransé, « mercenaires » lásán ni wọ́n, alágbàṣe tó ń ta agbára rẹ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ǹ bá dákẹ́, nítorí kò yẹ ọmọdé kó máa bá àgbà jiyàn láwùjọ. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fún wọn níṣẹ́ lórí àwọn ogun Louis Kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá nínú ìwé wọn, láìsí ẹ̀rí kankan tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ṣoṣo yẹ̀ wò: Daniel O'Donnell. Ìdílé O'Donnell ló ń jọba ní Tír Chonaill, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Áyálándì. Ní 1607, Rory, olórí wọn, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Rathmullan, kò sì padà wálé mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà, wọ́n pín in fún àlejò. Nígbà tí wọ́n fi bí Daniel ní 1666, orúkọ ńlá ló bá nílé, kò bá ilẹ̀. Ó di kápítéènì nínú ọmọ ogun ọba James Kejì ní 1688, kò pẹ́ tó fi di kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ogun náà kò san wọ́n. Lẹ́yìn àdéhùn Limerick ní 1691, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Áyálándì tẹ̀lé ọba tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́ lọ sí Faransé, Daniel náà sì wọṣẹ́ ogun níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ alágbàṣe ti kọ́kọ́ fọ́. Faransé kò fi í ṣe kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ipò kápítéènì ni wọ́n fún un ní 1692. Alágbàṣe wo ni wọ́n ń já ipò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní wá ọ̀gá mìíràn lọ? Daniel dúró. Ó jà ní Jámánì, ní Ítálì àti ní Flanders, ọdún mẹ́rìndínlógún sì kọjá kó tó tún di kọ́nẹ́ẹ̀lì ní 1708. Ní 1715 wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ká, wọ́n pín in mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọdún 1719 ni wọ́n sọ ọ́ di brigadier. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ṣebí ó lè padà sílé lọ dáko: òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1704 kò gbà kí ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ra ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó tóbi jù lọ wà lára àpótí kan. Cathach ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ajagun. Ìwé Orin Dáfídì ní èdè Látìnì ló wà nínú rẹ̀, tí ìtàn sọ pé ọwọ́ Colm Cille mímọ́, tó kú ní 597, ló kọ ọ́. Cathbarr O'Donnell ló ní kí wọ́n ṣe àpótí náà ní ọ̀rúndún kọkànlá. Bí ìdílé náà bá ń lọ sójú ogun, àlùfáà a gbé e sí àyà, a fi yí àwọn ọmọ ogun ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́gun lè jẹ́ tiwọn. (Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn baba wa ń ṣe kí ogun tó jáde kò ní béèrè àlàyé lọ́wọ́ mi.) Àpótí yìí wà lọ́wọ́ Daniel ní ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí ogbó ti jẹ fàdákà ara rẹ̀, ó tún un ṣe ní 1723, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára ní Látìnì pé nígbà tí ọba James Kẹta wà ní ìgbèkùn ni Daniel O'Donnell, ọ̀gá ogun ní ilẹ̀ Faransé, tún ogún ìran rẹ̀ yìí ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ọdún yẹn dáadáa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń jẹun ọba Faransé. Síbẹ̀, orúkọ ọba tí kò nítẹ̀ẹ́, tí kò ní ilẹ̀ kankan tó lè bù fún un, ni ó fi ṣáájú lára ohun ìní àwọn baba rẹ̀. Ta ló sanwó fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀? Ó fi àpótí náà pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó ní ẹni tó bá fi hàn pé òun ni olórí ìdílé O'Donnell ni kí wọ́n gbé e fún. Ó kú ní Saint-Germain-en-Laye ní 1735. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àpótí náà tó padà délé. Dublin ló wà lónìí.

Mo gbà pé owó oṣù Faransé ni wọ́n ń ná. Mo tún gbà pé ní Malplaquet, ní 1709, ọmọ Áyálándì yìnbọn lu ọmọ Áyálándì, nítorí wọ́n wà nínú ọmọ ogun méjèèjì. Bí a bá sì fẹ́ ẹni tó gbowó yí padà, ìdílé kan náà ní in: Balldearg O'Donnell, ọ̀gá ogun Sípéènì, tí àwọn ará Ulster wọ́ tẹ̀lé ní 1690 nítorí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, tó sì lọ bá àwọn ọ̀tá ṣàdéhùn lọ́dún kejì fún pọ́n-ùn 500 lọ́dọọdún. Ẹ pe ìyẹn ní ohun tó bá wù yín. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sọ Daniel.

Bàbá bàbá mi náà wọ aṣọ tirailleur. Àwòrán wọn wà lára ògiri yàrá wa títí dòní. Wọn kò bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó mú wọn lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti O'Donnell. Ṣùgbọ́n owó Faransé ni àwọn náà gbà. Bí gbígba owó oṣù bá ti tó láti sọ èèyàn di mercenaire, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ ọ́ níwájú àwòrán náà.

Mo ti dá ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà láìfún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Mo ní kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n kọ ohun tí Daniel gbà àti ohun tó pàdánù sí ojú ìwé kan náà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n mú ẹ̀rí tiwọn wá. Èmi yóò mú àwòrán àpótí náà dání.